Ìwé àti bírò, áàpù, àbí mítà: èwo ni ká fi máa ka iná tí sólà ń mú wá lójúmọ́?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró síwájú ínfátà mi, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, tọ́ọ̀ṣì ń bẹ lọ́wọ́ òsì. Ojú ínfátà ní iná tó wọlé lọ́jọ́ náà jẹ́ 12.6 kWh. Áàpù orí fóònù ní 12.1. Mítà kékeré tí mo ní kí wọ́n fi sínú àpótí bírékà ní 11.3. Òrùlé kan náà, oòrùn kan náà, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀kan nínú wọn ń parọ́ fún mi. Nígbà tí mo tú u wò dáadáa, mo rí i pé kò sí èké nínú wọn; ibi tí kálukú dúró sí ló yàtọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ yan ohun tí yóò fi máa ṣọ́ sólà rẹ̀, ibẹ̀ yẹn ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Iná kì í ti orí òrùlé bọ́ sínú ilé gbọnrangandan. Ó kọ́kọ́ gba ara charge controller, ẹ̀rọ tó ń darí bí iná pánẹ́ẹ̀lì ṣe ń wọ bátìrì, kọjá (nínú ọ̀pọ̀ ínfátà òde òní, inú àpótí kan náà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí), ó lè yà sínú bátìrì kó sùn síbẹ̀ di alẹ́, kí ínfátà tó wá yí i padà sí irú iná tí ohun èlò ilé ń lò. Oníbodè kọ̀ọ̀kan ló sì ń gba tirẹ̀. Ínfátà tó dáa lè mú 3% sí 5%. Bátìrì lithium á mú díẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná, á tún mú díẹ̀ nígbà tó bá ń tú u sílẹ̀; ti bátìrì olómi àtijọ́ pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Ínfátà mi ń ka ohun tó ti orí òrùlé bọ̀. Mítà mi ń ka ohun tó kù lẹ́yìn tí gbogbo oníbodè ti gba tiwọn. Áàpù ní tirẹ̀, ẹnu ínfátà ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti já láti nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ohun tó gbọ́ kẹ́yìn ló ṣì ń tẹnu mọ́.

(kWh yìí náà ni yúnìtì tí gbogbo wa ń pè: 1,000 wáàtì fún wákàtí kan gbáko.)

Ìwé àti bírò

Ẹ má fojú di í. Gbogbo ínfátà tí mo ti fọwọ́ kàn ló ní ibi tó ti máa ń kọ iye ti òní, àti àpapọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tan án. Ti òní ni gbogbo èèyàn ń sáré kọ. Èmi á ní kí ẹ kọ àpapọ̀. Ti òní máa ń padà sí òdo lọ́gànjọ́. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé lónìí, ó ti lọ nìyẹn. Àpapọ̀ kì í padà sẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ yọ iye tẹ́ ẹ kọ kẹ́yìn kúrò nínú èyí tẹ́ ẹ ń rí báyìí, ẹ fi iye ọjọ́ tó wà láàárín pín in, kò sí yúnìtì kankan tó sọnù.

Mo ní lọ́gànjọ́. Ọ̀gànjọ́ ti ta? Oṣù àkọ́kọ́ tí mo gbé sólà, aago méje alẹ́ ni mo máa ń lọ kọ iye ti òní, ohun tí mo sì ń bá níbẹ̀ ni 0.5, 0.3, nígbà mìíràn 0.2. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fún ẹni tó ta pánẹ́ẹ̀lì fún mi, kò ṣeé tẹ̀ síbí. Lọ́jọ́ tí mo ráyè yọjú síbẹ̀ lójú ọjọ́, ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, mo bá 11.8. Mo padà lọ nígbà tí aago márùn-ún lù tó kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún: òdo. Ẹni tó bá mi dè é kò yí aago ínfátà kúrò ní ti ilé-iṣẹ́ tó ti wá. Wákàtí méje ló fi ṣíwájú tiwa, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wa ló wá di ọ̀gànjọ́ tirẹ̀. Ìṣẹ́kù oòrùn ni mo fi odindi oṣù kan kọ sínú ìwé. Nítorí náà, ọ̀nà yòówù tẹ́ ẹ bá yàn nínú gbogbo èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, aago ínfátà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ohun tí ìwé fi ju gbogbo àwọn yòókù lọ ni àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe rí nínú tèmi nìyí:

Ajé: 4,218.6. Oòrùn láàárọ̀, ìkùukùu lọ́sàn-án.
Ìṣẹ́gun: 4,230.9. Oòrùn ganrínganrín.
Ọjọ́rú: 4,237.2. Òjò.
Ọjọ́bọ̀: 4,244.3. Oòrùn ganrínganrín. A ò sí nílé. Bátìrì kún ní aago 11 àárọ̀.

Ẹ wo Ọjọ́bọ̀ yẹn. Oòrùn ràn bíi ti Ìṣẹ́gun, àmọ́ 7.1 péré ló wọlé, nígbà tí ti Ìṣẹ́gun jẹ́ 12.3. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà nìkan á ní pánẹ́ẹ̀lì ti ń ṣàìsàn. Kò sóhun tó ṣe é. Ilé ṣófo, bátìrì yó, ínfátà ò ríbi gbé iná sí, ó bá dẹwọ́. Iná tẹ́nikẹ́ni ò lò, tí kò sì síbi tá a máa tọ́jú ẹ̀ sí, pánẹ́ẹ̀lì kò ní mú un wá rárá. Nílé tí kò bá so mọ́ wáyà ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, nọ́ńbà ojoojúmọ́ ń ròyìn ìwà àwọn ará ilé bó ṣe ń ròyìn oòrùn. Áàpù ò lè mọ̀ pé ẹ rìnrìn àjò. Ìwé yín mọ̀.

Àléébù rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ, ó sì tóbi: ẹ̀yin lẹ máa dìde lọ kọ ọ́. Ìwé mi ní ojúewé mẹ́rin tó ṣófo gbáú láàárín ọdún tó kọjá.

Áàpù tó bá ínfátà wá

Ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n ń kì bọ ìdí ínfátà, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ínfátà, ó ń fi Wi-Fi gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ibẹ̀ ni fóònù yín ti ń lọ mú un. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló ń jíṣẹ́.

Ìlà tó ń yà fún yín ló fi borí ìwé. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, ìlà náà á rí bí igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Ọjọ́ ìkùukùu, á rí bí eyín ayùn. Bí orí igbá bá tẹ́ pẹrẹsẹ láti aago 11 di aago 2, ínfátà ti dé òpin ohun tó lè gbé, pánẹ́ẹ̀lì yín pọ̀ jù ú lọ. Bó bá já wálẹ̀ lójijì láàárọ̀ tí oòrùn sì wà, bátìrì ló kún, bíi ti Ọjọ́bọ̀ mi yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé aago kan náà ni wọ́n ń bu igbá náà jẹ lójoojúmọ́, ẹ wá òjìji lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wo ihò kan lára ìlà tèmi, láàárín aago 3:20 sí 3:55, kí n tó gun àkàbà. Òpó tí wọ́n so díìsì tẹlifíṣọ̀n mọ́ ni. Òjìji rẹ̀ ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àmọ́ ó ń rìn gba orí pánẹ́ẹ̀lì méjì kọjá, mo sì ti so gbogbo wọn tẹ̀léra lórí wáyà kan ṣoṣo, níbi tí aláàárẹ̀ kan ti lè dá gbogbo ẹgbẹ́ dúró. Ìwé ò lè sọ èyí fún mi láéláé. Kò sẹ́ni tó máa lọ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ ronú nǹkan díẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, àwọn kan máa ń fi ìròyìn pa mọ́ dìgbà tó bá padà, àwọn mìíràn á jẹ́ kó dànù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ àtàǹpàkò yìí ni kò gbọ́ Wi-Fi mìíràn ju ti 2.4 GHz lọ. Bí tilé yín bá jẹ́ 5 GHz nìkan, ẹ máa fi orí gbá ògiri títí. Kọ̀ǹpútà onílé-iṣẹ́ ni ìtàn sólà yín ń gbé, ẹ̀yin kọ́ lẹ ni í. Lóṣooṣù, ẹ wọlé, ẹ wa gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú Excel, kẹ́ ẹ gbé e pa mọ́. Èyí tó sì ń bí mi nínú jù: ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló máa ń fi orúkọ àti ímeèlì tara wọn ṣí áàpù fún oníbàárà. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, tàbí tó pààrọ̀ fóònù, ẹ ti di àlejò nílé ara yín. Ẹ ní kó fi orúkọ yín ṣí i níṣojú yín, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù kó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn tí wọn ò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé ò gbọdọ̀ rò pé áàpù ti kọjá agbára àwọn. Charge controller kan wà tó ń fi Bluetooth sọ̀rọ̀. Ẹ dúró tì í, fóònù á kà á. SmartSolar ti Victron, bí àpẹẹrẹ, ń tọ́jú ìtàn ọgbọ̀n ọjọ́ sínú ara rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ń yọjú síbẹ̀ kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, kò sóhun tó máa bọ́ lọ́wọ́ yín.

Mítà tó dá dúró

Níbi yìí ni mo ti rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń náwó síbi tí kò yẹ, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni mítà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ inú àpótí bírékà, tí iná ń gba inú ara rẹ̀ kọjá. Èkejì ni òrùka tí wọ́n ń há mọ́ wáyà lára láìgé wáyà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní CT. Bí a bá ní ká wo èyí tó péye, mítà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ Class 1 sí lára kò gbọdọ̀ fi ju nǹkan bí 1% ṣìnà nígbà tí iná tó ń gbà á kọjá bá pọ̀ tó. Nọ́ńbà ojú ínfátà kì í sábà ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ó wà fún ojú wò, ẹ má gbé e lọ bá ẹnikẹ́ni du owó.

Mo fẹ́ràn mítà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí nítorí iná pupa kékeré tó wà lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 1000 imp/kWh sí i lára, ìgbàkígbà tí iná náà bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, wáàtì-wákàtí kan ti kọjá nìyẹn. Ẹ mú aago fóònù, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín ìgbà tó ṣẹ́jú sí ìgbà tó tún ṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá fi pín 3,600. Bó bá ń ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì méjì, 1,800 wáàtì ló ń kọjá lákòókò yẹn. Kò gba áàpù, kò gba Wi-Fi. Ọmọ mi tó wà ní ọdún mẹ́wàá ti mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.

Òrùka CT rọrùn láti fi sí, ó sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo ni kó gbá mọ́ra. Bó bá gbá méjèèjì, èyí tó ń lọ àtèyí tó ń bọ̀ á pa ara wọn rẹ́, òdo lẹ máa rí. Ọfà wà lára rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dojú ẹ̀ kọ ibi tí kò yẹ, ó lè máa kà á sẹ́yìn. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé òrùka lásán kì í gbọ́ iná DC. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nìkan ló ń mú un jí, ti pánẹ́ẹ̀lì sì dúró sójú kan. Mo ti rí ẹni tó ra CT, tó há a mọ́ wáyà tó ti orí òrùlé wá, tó wá ń bínú pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Irú mìíràn wà tí wọ́n dìídì ṣe fún DC, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni èyí. Nílé tí kò ní bátìrì, tí ínfátà so tààrà mọ́ iná ìjọba, mítà tẹ́ ẹ bá fi sẹ́nu ínfátà máa ka ohun tí sólà mú wá, á sì kà á dáadáa. Nílé tó ní bátìrì, mítà kan náà, níbì kan náà, ohun tẹ́ ẹ lò ló ń kà. Iná àná tó sùn sínú bátìrì á bọ́ sínú ìṣirò tòní, tòní á ṣẹ́ kù fún ọ̀la. Bí iná ìjọba bá tún ń gba inú ínfátà kọjá wọlé, òun náà á dà pọ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá ní bátìrì, tó sì jẹ́ pé iye tí òrùlé mú wá lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ tọ́jú owó mítà yín. Nọ́ńbà ojú ínfátà lẹ nílò, bí kò tilẹ̀ pé délẹ̀délẹ̀. Mítà ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó ń ka iná tẹ́ ẹ tì síta náà ò lè dáhùn ìbéèrè yìí, torí èyí tẹ́ ẹ ti lò kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò rí i.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi í sí. Wáyà tó ti orí òrùlé wá lè gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún fólìtì, iná DC tó bá sì ti ń tàn láàárín wáyà méjì kì í tètè kú.

Kọ̀ǹpútà tiyín nínú ilé

Fún àwọn tọ́wọ́ wọn kì í dilẹ̀ ni. Wọ́n á fa wáyà tí ẹ̀rọ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, RS485, láti ìdí ínfátà sínú kọ̀ǹpútà kékeré kan bíi Raspberry Pi, wọ́n á fi Modbus bá a sọ̀rọ̀ (èdè ẹ̀rọ tó ti wà láti ọdún 1979, tí kò sì tíì darúgbó), Home Assistant, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń kó ìròyìn ohun èlò ilé jọ, á wá to gbogbo rẹ̀ síbi kan. Láti ọdún 2021 ló ti ní ojúewé tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ iná. Àwòrán tó ń yà dáa bíi ti áàpù, ọ̀pọ̀ ìgbà ló tún ń jíṣẹ́ jù ú lọ, ìtàn yín ò sì kúrò nínú ilé yín. Àmọ́ káàdì ìrántí máa ń gbó nítorí ìkọwé àkọtúnkọ, ọjọ́ tó bá sì kú, ẹ̀yin fúnra yín ni oníbàárà, ẹ̀yin fúnra yín sì ni ilé-iṣẹ́.

Ká ka pánẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń ra sólà lẹ máa pinnu èyí. Ẹni tó ti de tirẹ̀ tán lè fò ó. Àwọn ilé-iṣẹ́ bí Enphase ń fi ínfátà kékeré sábẹ́ pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, SolarEdge ń fi ẹ̀rọ atọ́nà sábẹ́ tiwọn, áàpù á sì máa sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mú wá. Bí òrùlé yín bá kọjú sí ọ̀nà mẹ́ta, tàbí tí igi wà nítòsí, ó lérè. Òrùlé tó tẹ́ sílẹ̀ sójú oòrùn tí kò sí òjìji kankan lórí rẹ̀? Ẹ fi owó yẹn ra pánẹ́ẹ̀lì sí i.

Kí lẹ máa fi wé?

Ẹ̀rọ kan ò lè sọ fún yín bóyá 12 pọ̀ tàbí ó kéré. Ìṣirò ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ ń lò. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ oní-400 wáàtì jẹ́ 3.2 kW. Bí oòrùn ọjọ́ kan bá tó wákàtí 5 ní agbára kíkún, ìyẹn 1,000 wáàtì lórí ibi tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, 16 kWh nìyẹn lórí ìwé. Ẹ mú bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, torí ooru, eruku àti àwọn oníbodè wa ìṣáájú: kò ní jìnnà sí 12.8. Ooru yìí ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ní 25°C ni wọ́n ti wọn agbára tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, bó bá sì ti ń gbóná kọjá ibẹ̀, ipele kọ̀ọ̀kan ń gba 0.3% sí 0.4%. Pánẹ́ẹ̀lì tó gbóná dé 60°C ti fi nǹkan bí 12% sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tó móoru jù kì í fi í ṣe ọjọ́ tí nọ́ńbà ga jù. Ọjọ́ tí òjò dá, tí ojú ọ̀run mọ́, tí afẹ́fẹ́ tútù sì ń fẹ́ ló máa ń gbé tèmi dókè.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó ju ìṣirò ọwọ́ lọ, PVGIS ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Global Solar Atlas ti Báńkì Àgbáyé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tọ́ka síbi tẹ́ ẹ ń gbé lórí máàpù, ẹ sọ iye pánẹ́ẹ̀lì yín àti ibi tó kọjú sí, wọ́n á sọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa retí lóṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù ni kẹ́ ẹ fi wé oṣù. Ìpíndọ́gba ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ, ọjọ́ òjò kan ò lè bá a jiyàn.

Ìbéèrè tẹ́ ẹ ní ló máa yan irinṣẹ́ fún yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá sólà ṣì ń ṣiṣẹ́, ojú ínfátà tó. Bó bá jẹ́ ìdí tí ọ̀sán fi ń lọ sílẹ̀ lẹ fẹ́ mọ̀, áàpù ni. Bẹ́ ẹ bá ń bá ẹni tó ṣèlérí fún yín ṣàríyànjiyàn, tí ẹ ò sì ní bátìrì, ẹ lọ ra mítà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá pánẹ́ẹ̀lì ń gbó, ọ̀rọ̀ ọdún púpọ̀ nìyẹn: nǹkan bí 0.5% lọ́dún ni wọ́n sábà ń dín kù, irinṣẹ́ tó lè fi 3% ṣìnà ò sì lè rí i láàárín ọdún méjì. Tèmi ni áàpù fún ìlà, ìwé fún àpapọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mítà ṣì wà nínú àpótí, nítorí iná pupa yẹn.

Bí eruku bá sì ni ìbéèrè yín, ẹ mú ọjọ́ oòrùn ganrínganrín méjì tó súnmọ́ra, ọ̀kan ṣáájú kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé bátìrì ò kún ṣáájú ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ méjèèjì. Nígbà tí mo ṣe é kẹ́yìn, 11.5 ló wà lókè ìlà, 12.4 lábẹ́ rẹ̀, mo sì kọ “fífọ̀” sáàárín wọn.